Ìdáhùn: "ìrọ̀sẹ̀-jẹjẹrẹ" tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ sínú ìwé ìléwọ́ àwọn obìnrin

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ojúgbà mi, ẹ kú ìjíròrò.

Alàgbà tó kọ̀wé lánàá ní kí a máa fi "ìrọ̀sẹ̀-jẹjẹrẹ" pe gbogbo wàhálà tí jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ àti ti ilé-ẹyin ń kó bá ọpọlọ àti iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára kiri ara bí ó bá ti wọra. Wọ́n ní inú ìwé ìléwọ́ tí wọn yóò pín fún àwọn obìnrin láti Ọ̀fà dé Òmù-Àrán ni ọ̀rọ̀ náà ń lọ. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n n kò lè dákẹ́.

Àmì ìsàlẹ̀ tó wà lórí "rọ̀" yẹn ni kí a kọ́kọ́ yanjú. Ohun tó bá rọ̀ kò le mọ́. Ilẹ̀ ń rọ̀ lẹ́yìn òjò, inú tó ń bí ènìyàn ń rọ̀. Obìnrin tó bá ka "ìrọ̀sẹ̀", ìrọ̀rùn ni ọkàn rẹ̀ á lọ bá. Ẹnìkan wá ní kí a gbé àmì òkè sí i, kó di "ìrọ́sẹ̀". Ìyẹn tilẹ̀ burú jù! Ẹsẹ̀ tó bá rọ́, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń to eegun là ń gbé e lọ. Wọ́n á fi òróró pa á, wọ́n á fà á, wọ́n á tẹ ẹ̀yìn pẹ̀lú rẹ̀. Eegun ẹ̀yìn tí jẹjẹrẹ ti jẹ kò gba títẹ̀, ó lè kán. Bí a bá sì yọ àmì kúrò pátápátá, rọpárọsẹ̀ ti gba ìyẹn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń kán òògùn sí àwọn ọmọ lẹ́nu láti ojúlé dé ojúlé, àrùn ọmọdé ni àwọn ìyá fi mọ̀ ọ́n.

Alàgbà fi "ẹ̀fọ́rí" ṣe ẹ̀rí pé a lè so ọ̀rọ̀-ìṣe mọ́ ẹ̀yà ara láti fi pe àìsàn. N kò gba ẹ̀rí náà wọlé. Ẹni tí ó ní ẹ̀fọ́rí, orí ló ń fọ́ ọ. Ta ló sọ fún wọn pé ẹsẹ̀ nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá jà?

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ṣe ní Ìlọrin títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ìyá kan wá láti apá Òró; sílípáàsì ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ bọ́ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kò mọ̀, ọmọ rẹ̀ ló mú un lọ́wọ́ tẹ̀ lé e. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, láti ìdí ló ti ń ta mí dé ọmọ-ìka, síbẹ̀ ẹsẹ̀ yìí kò mọ ilẹ̀ tó ń tẹ̀." Ẹsẹ̀ kan náà ọ̀hún ló wú. Jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ ló ti tàn dé ẹ̀gbẹ́ eegun ìbàdí, tó há àwọn iṣan tó ń ti ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn bọ̀ sí ẹsẹ̀ mọ́ ibẹ̀. Ìyá yìí kò ní ìwé, ó sì ti sọ gbogbo rẹ̀ tán: ó ń ta, kò mọ ilẹ̀.

Ti ẹlòmíràn, ẹ̀yìn ló ń ro ó, ó ń le sí i bó bá dùbúlẹ̀ lóru, lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ méjèèjì wúwo, ìtọ̀ kò sì wá mọ́. Mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn ni jẹjẹrẹ ń tẹ̀ yẹn. Ọjọ́ yẹn gan-an ni kí wọ́n gbé e dé ọsibítù, kí dókítà fún un ní dexamethasone, òògùn tó ń dín wíwú kù, kí wọ́n sì ṣètò ìtànṣán tó ń pa jẹjẹrẹ tàbí iṣẹ́ abẹ. Ẹni tó ṣì ń rìn nígbà tí ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀ ló ní ìrètí jù lọ pé òun á máa rìn lọ.

Ẹ wo èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ dàrú, ó ń tòògbé, gìrì ń mú un, àwọn ará ilé ní wọ́n ń ṣe é ni. Jẹjẹrẹ ló dí ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà láti kíndìnrín wá sí àpò rẹ̀. Ìdọ̀tí tó yẹ kí ìtọ̀ kó jáde wà nínú ẹ̀jẹ̀, ó gun ọpọlọ. Kí jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ fúnra rẹ̀ dé inú ọpọlọ kò wọ́pọ̀. Òògùn jẹjẹrẹ náà ní tirẹ̀: cisplatin àti paclitaxel lè mú kí orí ìka ọwọ́ àti tẹsẹ̀ kú tipiri, ti cisplatin sì lè máa le sí i fún oṣù mélòó kan lẹ́yìn tí wọ́n ti dá a dúró. Èwo ni "ìrọ̀sẹ̀" níbẹ̀?

Ẹni tó ní "Yo" tó wà nínú anti-Yo (orúkọ ọ̀kan nínú àwọn ohun tí ara ń pèsè bó bá ń bá jẹjẹrẹ jà) ń tọ́ka sí Yorùbá, kò rí bẹ́ẹ̀ o. Lẹ́tà méjì àkọ́kọ́ nínú orúkọ ìdílé aláìsàn kan ni. Ìjà tí ara ń bá jẹjẹrẹ ilé-ẹyin tàbí ti ọmú jà ló ń ba ọpọlọ ìpàkọ́ jẹ́, obìnrin náà á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí, nígbà mìíràn kí wọ́n tó mọ̀ pé jẹjẹrẹ wà lára rẹ̀ rárá.

Àwọn tó ní Ìlọrin kò lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀ Yorùbá, ta ló ń gbọ́ ohun tí àwọn ará Òró, Sàárẹ́ àti Ẹrin-Ilé ń sọ lórí bẹ́ẹ̀dì? Àwọn àgbà wa kì í fi ọ̀rọ̀-orúkọ kan ṣoṣo pe ìrora. Ó ń ro, ó ń ta, ó ń jó, ó ń gún: ọ̀rọ̀-ìṣe ni wọ́n fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kó wà nínú ìwé náà ni "jẹjẹrẹ tó ti kan iṣan", gẹ́gẹ́ bí a ti ń sọ pé ó ti kan eegun. Kí ìlà tó tẹ̀ lé e sọ pé: bí ẹ̀yìn bá ń ro ọ́, tí ẹsẹ̀ kò gbọ́ràn tàbí tí ìtọ̀ kò wá, má ṣe jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣú kí o tó dé ọsibítù. Alàgbà á ní iṣan ẹ̀jẹ̀ náà ń jẹ́ iṣan. Ó ń jẹ́ ẹ. Ẹni tó bá ń sọ ti ẹ̀jẹ̀ ni kó fi ẹ̀jẹ̀ kún un. A ṣì máa fa ìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì tẹ ìwé náà.