Ìkọ́ṣẹ́ tíṣà abà

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Oǹdó dábàá pé ká máa pe ìtàn bí wọ́n ṣe ń pèsè olùkọ́ fún ilé-ìwé abúlé ní "ìdánilẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ ìgbèríko". Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ ọn. "Ìkọ́ṣẹ́ tíṣà abà" ni kí á máa pè é.

"Ìdánilẹ́kọ̀ọ́" ti fẹ̀ jù. Ní Àkúrẹ́ níbí, bí wọ́n bá kó oníṣòwò jọ fún wákàtí méjì láti sọ̀rọ̀ owó orí, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ń kọ sára bánà. Ti bàbá mi kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n jáde Modern School, ilé-ìwé tí wọ́n ń lọ lẹ́yìn alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà náà, wọ́n di pupil tíṣà, ìyẹn tíṣà tí kò tíì gba ìwé-ẹ̀rí, ní abà kan lẹ́yìn Òkè-Igbó, kí wọ́n tó lọ ṣe Grade III, ìwé-ẹ̀rí tíṣà ọlọ́dún méjì. Ní abà yẹn, láràárọ̀ Ajé, ọ̀gá ilé-ìwé á gba nóòtì wọn, á wá jókòó sẹ́yìn kíláàsì, á máa wò wọ́n. Ìwé nóòtì kan ṣì wà nílé wa. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀kọ́ ìṣirò, ọ̀gá fi íńkì pupa kọ ọ́ pé: "Kóró kòkó ńkọ́?" Àṣé ọmọ olóko kòkó ni gbogbo kíláàsì, bàbá mi sì ń fi ọsàn ṣírò fún wọn.

Bẹ́ẹ̀ ló rí fún ọ̀pọ̀ wọn. Nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ sọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní January 1955, ẹnu iṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ tíṣà ti kọ́ iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí "tíṣà" náà dúró. Ní St Andrew's, kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ ní Ọ̀yọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1896, olùkọ́ àti katikíìsì ni CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́n ìjọ Áńgílíkà, ń kọ́ pọ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pe katikíìsì ní tíṣà ìjọ títí dòní. Ẹnì kan náà ló ń lu aago ìsìn, tó tún ń kọ́ ọmọ ní a, b, d. "Ìgbèríko" ní tirẹ̀, ọ̀rọ̀ ìwé ìjọba ni. Abà ni abà ń jẹ́ lọ́dọ̀ wa.

Àbúrò kan ní ìkọ́ṣẹ́ á rẹ tíṣà sílẹ̀, pé ti télọ̀ àti mẹkáníìkì ni. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Ìkọ́ṣẹ́ ní ọ̀gá, ó ní iye ọdún, ó ní frídọ̀ọ̀mù. Èwo ni Grade III kò ní níbẹ̀? Àwọn ọmọ NCE òní gan-an, tó ń gba ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ṣì ń lọ TP, ìyẹn kí wọ́n lọ fi iṣẹ́ tíṣà dánra wò nílé-ìwé.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi bi àwọn àgbà Oǹdó tó ṣe Grade III ohun tí wọ́n wí nílé lọ́jọ́ tí wọ́n ń gbé àpótí jáde. Nílé tiwa, "mò ń lọ kọ́ṣẹ́ tíṣà" ni bàbá mi wí.