Ẹyin, ẹ̀wà, eyín: kí lẹ fi ń kọ́ àwọn ọmọ láti fọ ẹnu?

Ìyá Fọlá, Leeds
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ọmọ Ifẹ̀. Ẹ gbà mí. Eyín fífọ̀ ti di ogun láàárín èmi àti ọmọ mi láràárọ̀. Ó ti pé ọdún mẹ́fà, wọ́n sì ti dí ihò méjì fún un. Eyín ńlá tó ń hù lẹ́yìn báyìí, kì í ṣe èyí tí òmíràn máa rọ́pò mọ́, ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Mo pariwo títí ohùn mi há. Kí lẹ ń ṣe fún tiyín?

Ìyá Ìbejì, Manchester
Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Fi ariwo sílẹ̀, jẹ́ kó fojú rí i. Ilé-Ifẹ̀ ni mo wà báyìí, mo kó àwọn ìbejì wá kí ìyá mi ní Ìlàré. A lọ sí mùsíọ́ọ̀mù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin ní Ẹnuwá, wọ́n rí àwọn orí tí àwọn baba wa fi amọ̀ mọ, bí a ṣe délé ni wọ́n ní àwọn náà fẹ́ mọ nǹkan. Mo ní ó dáa, ẹ mọ ẹnu. Ẹ̀wà funfun la tò sínú amọ̀ náà ṣe eyín, mẹ́wàá lókè, mẹ́wàá nísàlẹ̀, torí ogún ni eyín àkọ́hù ọmọdé. A fi í sóòrùn kó gbẹ dáadáa. (Ti àkọ́kọ́ ò gbẹ, ẹ̀wà méjì ta èhù, Táyé ní eyín tuntun ló ń hù!) Mo wá fi ẹ̀pà lílọ̀ ra gbogbo rẹ̀, mo ní kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́. Ojú mọ́, àárín ò mọ́. Ìgbà tí mo ki òwú bọ àárín ẹ̀wà méjì tí ẹ̀pà sì tẹ̀ lé e jáde, Kẹ́hìndé sáré lọ wo ẹnu ara rẹ̀ nínú dígí. Èmi ò tíì sọ nǹkan kan o.

Láàárọ̀, ìyá mi á fún kálukú ní orín àtà, wọ́n á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ máa rún un pẹ̀lú rẹ̀. Ó ń ta wọ́n lẹ́nu, síbẹ̀ wọn ò fẹ́ kó ṣẹ́yìn àwọn. Àmọ́ mi ò fi orín rọ́pò ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride (èròjà tó ń mú eyín le), bí ẹyọ ẹ̀wà kékeré kan báyìí, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, ti alẹ́ ò gbọdọ̀ yẹ̀. Kí wọ́n tu ìfófòó dànù, kí wọ́n má fi omi yọ ẹnu, kí fluoride lè dúró lára eyín. Ìyá mi ò kọ́kọ́ gbà rárá. Ẹnu tí a ò fomi yọ, ṣé a fọ̀ ọ́ ni?

Bàbá Àánú, Toronto
Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi ẹyin kún un. Ẹyin tútù kan sínú omi, ìkejì sínú fínígà. Ìfófòó á máa yọ lára ti fínígà, tó bá di ọjọ́ kejì èèpo rẹ̀ á rọ̀. Kíkan fínígà ló jẹ ẹ́. Wọ́n sọ fún wa nílé pé kòkòrò kan ló ń jẹ eyín, ọmọ mi sì ń fi tọ́ọ̀ṣì wá a kiri ẹnu! Mo ní kòkòrò àìfojúrí ni: ṣúgà tó kù sẹ́nu ni wọ́n ń jẹ, kíkan tí wọ́n ń sọ ọ́ dà ló ń jẹ eyín. Ìdí nìyẹn tí júùsì tí ọmọ ń lá díẹ̀díẹ̀ látàárọ̀ fi burú ju èyí tó mu lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú oúnjẹ.

Àǹtí Bísí, Houston
Òǹkà Yorùbá la fi ń ṣe tiwa. Ọgbọ̀n lókè lápá ọ̀tún, ọgbọ̀n lókè lápá òsì, bẹ́ẹ̀ náà nísàlẹ̀. Ọgọ́fà nìyẹn, ìṣẹ́jú méjì gééré tí ẹ ò bá sáré kà á. Ìyá ló ń kà, ọmọ ló ń fọ̀.

Ìyá Fọlá, Leeds
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ará mi. A ka òǹkà lálẹ́ àná, mo ṣì í kà ní mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ó fa búrọ́ọ̀ṣì yọ, ó ní kí n tún un kà láti ení. Ẹyin sì ti wà nínú fínígà láti àárọ̀. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún mọ́ ife náà.