Mo fẹ́ máa ta ẹ̀rọ ìtajà tí mo kọ́ sórí Debian: kí ni àṣẹ GPL ń béèrè lọ́wọ́ mi, kí sì ni mo lè gba owó lé lórí?

Olùbéèrè, Ìbàdàn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú ẹgbẹ́ yìí. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo ń ṣe ní agbègbè Dùgbẹ̀, ọ̀rọ̀ kan sì wà tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí kí n tó tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn. Mo ti ṣe ẹ̀rọ kékeré kan fún àwọn ilé ìtajà oògùn. Mo gbé Debian 12, ọ̀kan nínú àwọn ètò ìpìlẹ̀ ọ̀fẹ́ tí a kọ́ sórí Linux, sórí kọ̀ǹpútà kékeré tí kò ní fáànù, mo sì fi èdè Python àti PyQt, èyí tó ń jẹ́ kí Python lè lo irinṣẹ́ Qt láti ya ojú ètò, kọ ètò tí ó ń ka báàkóòdù, tí ó ń tẹ rìsíìtì, tí ó sì ń kìlọ̀ fún olùtajà nígbà tí ó bá kù díẹ̀ kí ọjọ́ oògùn kan kọjá. SQLite ni mo fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ọjà. Nítorí ọ̀rọ̀ iná wa, mo ya ibi tí ètò wà lórí díìsìkì sọ́tọ̀ kúrò níbi tí àkọsílẹ̀ wà, mo sì ṣe apá ti ètò ní kíkà nìkan, tó fi jẹ́ pé bí wọ́n bá mú iná lọ nígbà tí rìsíìtì ṣì wà lẹ́nu ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, kọ̀ǹpútà náà yóò dìde fúnra rẹ̀ nígbà tí iná bá dé, yóò sì bá ọjà tí wọ́n tà kẹ́yìn nínú àkọsílẹ̀.

Ní báyìí, oníṣòwò oògùn kan tí ó ní ẹ̀ka ní Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun fẹ́ rà á fún gbogbo ẹ̀ka rẹ̀. Agbẹjọ́rò rẹ̀ bi mí léèrè pé báwo ni mo ṣe lè ta ohun tí ẹnikẹ́ni lè rí gbà lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì ní ta ló ni ín gan-an. Mo mọ̀ pé GPL, ìwé àṣẹ tí Linux àti ọ̀pọ̀ ètò inú Debian wà lábẹ́ rẹ̀, kò ní kí ènìyàn má tà, ṣùgbọ́n ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn jù ni bóyá ó di dandan kí n gbé kóòdù tèmi náà síta nítorí pé orí Linux ló ti ń ṣiṣẹ́. Mo tún fẹ́ mọ̀ bóyá mo lè ti ẹ̀rọ náà pa kí ẹnikẹ́ni má lè gbé ètò mìíràn sí i, nítorí ẹ̀rù ń bà mí pé ẹni tó bá ra ọ̀kan lè ṣe ẹ̀dà rẹ̀ kó sì máa tà á ní ìdajì owó. Bí gbogbo rẹ̀ bá sì ṣeé ṣe, kí ni kí n máa gba owó lé lórí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó là mí lọ́yẹ̀.

Ẹlẹ́rọ kan, Abẹ́òkúta

Ẹ kú iṣẹ́, arákùnrin wa. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú ìbẹ̀rù tó tóbi jù kúrò nílẹ̀. Ètò kì í bọ́ sábẹ́ GPL kìkì nítorí pé ó ń ṣiṣẹ́ lórí Linux. Linus Torvalds tó bẹ̀rẹ̀ Linux fúnra rẹ̀ kọ àkíyèsí kan mọ́ ìwé àṣẹ kánẹ́ẹ̀lì Linux, ìyẹn ọkàn ètò náà tó ń darí ẹ̀rọ, pé ètò tí ó bá ń lo kánẹ́ẹ̀lì ní ọ̀nà tí gbogbo ètò ń gbà lò ó kò di ara iṣẹ́ náà. Ẹ̀dà kejì GPL sì sọ ọ́ yékéyéké pé bí ètò tó dá dúró bá wà lórí díìsìkì kan náà pẹ̀lú èyí tí GPL ń darí, ìyẹn nìkan kò fà á sábẹ́ GPL.

Iṣẹ́ tí ẹ kò kọ ni GPL ń béèrè nǹkan lé lórí. Ní ọjọ́ tí ẹ bá fi ẹ̀rọ kan lé oníbàárà lọ́wọ́, ẹ ti pín kánẹ́ẹ̀lì, bash (ètò tó ń gba àṣẹ tí a bá tẹ̀) àti ọ̀pọ̀ ètò mìíràn fún un. Ó lẹ́tọ̀ọ́ sí ìwé àṣẹ wọn, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ sí kóòdù ìpìlẹ̀, ìyẹn ohun tí àwọn tó ṣe ètò kọ gan-an, fún ẹ̀dà tó wà nínú ẹ̀rọ rẹ̀, pẹ̀lú àyípadà èyíkéyìí tí ẹ bá ṣe sí i. Oníṣòwò tó ń ta ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀dà kejì lè fi kóòdù náà bá ọjà rìn, tàbí kó kọ ìwé ìlérí tí yóò wúlò fún ó kéré tán ọdún 3, pé ẹnikẹ́ni tó bá béèrè yóò rí i gbà láìsan ju owó tí fífi ránṣẹ́ ná an lọ. Ti àkọ́kọ́ ni mo fara mọ́ fún ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ bíi tiyín. Ẹ fi fláàṣì kan sínú páálí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, gbèsè náà á parí níbẹ̀, kò ní sí pé ẹnì kan ń wá yín kiri lẹ́yìn ọdún 2 fún ẹ̀dà tí ẹ kò ní lọ́wọ́ mọ́.

Debian ti mú iṣẹ́ yìí rọrùn. Bí ẹ bá ti ṣí ìlà deb-src sílẹ̀ nínú àkójọ ibi tí Debian ti ń gba ètò, àṣẹ apt-get source yóò gbé kóòdù ètò èyíkéyìí wá fún yín, èyí tó bá sì ti kúrò nílẹ̀ ṣì wà ní snapshot.debian.org. Ẹ tún ṣí fólídà /usr/share/doc lórí ẹ̀rọ yín, ẹ wo inú rẹ̀: ètò kọ̀ọ̀kan ní àyè tirẹ̀ níbẹ̀, ẹ ó sì rí fáìlì kan tó ń jẹ́ copyright, tó sọ ẹni tó kọ ètò náà àti àṣẹ tó fi sílẹ̀ lé e lórí. Àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ kékeré sábà máa ń pa fólídà yìí rẹ́ kí àyè lè wà lórí díìsìkì. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, ìwé ẹ̀rí yín ló wà níbẹ̀. Fámúwià Wi-Fi, ìyẹn ètò kékeré tí ẹ̀yà Wi-Fi fi ń ṣiṣẹ́, nìkan ni kí ẹ yẹ̀ wò lọ́tọ̀, nítorí láti orí Debian 12 ni wọ́n ti kó irú wọn sí abala tí wọ́n pè ní non-free-firmware, àṣẹ wọn kò sì bá GPL dọ́gba.

Ẹ má fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un rárá. Ní ọdún 2003, àwọn ènìyàn rí i pé Linux ni ráútà Linksys WRT54G ń lò láìjẹ́ pé kóòdù rẹ̀ wà níta. Wọ́n pariwo títí iléeṣẹ́ náà fi gbé e síta, láti ara kóòdù yẹn sì ni OpenWrt, ètò ọ̀fẹ́ fún ráútà, ti jáde. Ní ọdún 2007, àwọn tó kọ BusyBox, àkójọ ètò kéékèèké tó wà lábẹ́ GPL, gbé iléeṣẹ́ Monsoon Multimedia lọ sí ilé ẹjọ́ ní New York nítorí irú ọ̀rọ̀ yìí kan náà. Wọ́n parí rẹ̀ láàárín ara wọn, ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ náà sanwó, ó sì gbà láti yan ẹni tí yóò máa rí sí i pé wọ́n ń pa àṣẹ náà mọ́.

Ẹni tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, Èkó

Ohun tí ẹ̀gbọ́n sọ yé mi, mo sì fara mọ́ ọn, àmọ́ PyQt tó wà nínú ìbéèrè yín ló ká mi lára. Linux kò ní fa kóòdù yín sábẹ́ GPL, PyQt lè fà á. Riverbank Computing tó ń ṣe PyQt fi í sílẹ̀ ní ọ̀nà méjì: ẹ gbà á lábẹ́ ẹ̀dà kẹta GPL, tàbí ẹ ra àṣẹ ìṣòwò lọ́wọ́ wọn. Bí ẹ kò bá rà á, tí ẹ sì ń pín ètò tí ẹ kọ́ sórí rẹ̀, gbogbo ètò yín ni yóò wọ abẹ́ GPL, oníbàárà yín yóò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè kóòdù rẹ̀, kó sì tún pín in fún ẹlòmíràn.

Ọ̀nà àbáyọ ni PySide, tó ń ṣe irú iṣẹ́ PyQt, èyí tí iléeṣẹ́ Qt fúnra rẹ̀ ń tọ́jú báyìí. Nokia ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 2009 nígbà tí Qt wà lọ́wọ́ wọn, nítorí ọ̀rọ̀ àṣẹ yìí gan-an, LGPL, àṣẹ tó rọ̀ ju GPL lọ, sì ni wọ́n fi sí i. LGPL gbà kí kóòdù yín wà ní ìpamọ́, bí ẹ bá ti fi PySide àti Qt sílẹ̀ lọ́tọ̀ kí ẹni tó ni ẹ̀rọ lè fi ẹ̀dà mìíràn rọ́pò wọn bó bá wù ú. Iṣẹ́ ìyípadà náà kò pọ̀: orúkọ ohun tí ẹ ń kó wọlé lókè fáìlì ni yóò yí padà, pyqtSignal yóò di Signal, pyqtSlot yóò di Slot, ìyókù sábà máa ń jọra. SQLite kò ní wàhálà kankan, àwọn tó kọ ọ́ ti yọ̀ǹda rẹ̀ fún gbogbo ayé.

Olùbéèrè, Ìbàdàn

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin méjèèjì. N óò yí i padà sí PySide kí n tó tọwọ́ bọ ohunkóhun. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ títì pa ńkọ́? Kí sì ni kí n sọ fún agbẹjọ́rò oníbàárà mi?

Agbẹjọ́rò kan, Ìkẹjà

Ẹ jẹ́ kí n mú ti agbẹjọ́rò náà ṣáájú. Ẹ sọ fún un pé ẹnì kọ̀ọ̀kan tó kọ apá kan nínú ètò náà ló ni apá tirẹ̀, àti pé àṣẹ tí wọ́n fi sílẹ̀ ló fún yín láyè láti ṣe ẹ̀dà rẹ̀ kí ẹ sì tà á. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ti Nàìjíríà, Copyright Act 2022, tí ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù kẹta ọdún 2023, ka ètò kọ̀ǹpútà mọ́ iṣẹ́ tí a kọ sílẹ̀. Òfin yẹn ló ń dáàbò bo ètò tí ẹ̀yin kọ, òun kan náà ló sì ń dáàbò bo ti àwọn ará Debian. Lábẹ́ ẹ̀dà kejì GPL, ẹni tó bá rú àṣẹ náà, àṣẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì di ẹni tó ń ta iṣẹ́ oníṣẹ́ láìgba ìyọ̀ǹda.

Ìdáhùn tó sì yẹ kí ẹ gbé síwájú rẹ̀ jù wà nínú GPL fúnra rẹ̀. Ìwé náà sọ pé àwọn tó kọ ètò kò ṣe onídùúró kankan fún un, ṣùgbọ́n ó fún ẹni tó ń pín in láyè láti ṣe onídùúró fúnra rẹ̀ kó sì gba owó lé e. Ohun tí oníbàárà yín kò lè rí lọ́fẹ̀ẹ́ níbikíbi nìyẹn. Debian kò ní wá sí Òṣogbo nígbà tí ẹ̀rọ bá kọ̀ láti tẹ rìsíìtì. Ẹ̀yin ni ẹ óò wá, ẹ̀yin sì ni àdéhùn yóò mú bí ẹ kò bá wá.

Ní ti títì pa, TiVo ni kí ẹ kọ́gbọ́n lára rẹ̀. Láti ọdún 1999 ni wọ́n ti ń ta ẹ̀rọ tó ń gba ètò tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀, Linux ló sì ń lò. Wọ́n gbé kóòdù síta bí GPL ṣe wí, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà kì í gba ètò tí wọn kò bá buwọ́ lù, nítorí náà ẹni tó bá tún kóòdù náà ṣe kò ní ibi tí yóò ti lò ó. Ẹ̀dà kẹta GPL, tó jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2007, dí ọ̀nà yẹn: ẹni tó bá ta ẹ̀rọ tí ènìyàn ń lò nínú ilé pẹ̀lú ètò tó wà lábẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ fún olùrà ní ohun tí yóò fi lè gbé ètò tó tún ṣe padà sínú ẹ̀rọ náà. Kánẹ́ẹ̀lì Linux dúró sórí ẹ̀dà kejì, ṣùgbọ́n bash àti coreutils (àwọn àṣẹ kéékèèké tí a fi ń ṣiṣẹ́ lórí fáìlì) inú Debian wà lábẹ́ ẹ̀dà kẹta. Ẹ lè sọ pé ti ilé ìtajà ni ẹ̀rọ yín, àmọ́ irú kọ̀ǹpútà kékeré yẹn náà ni àwọn ènìyàn ń lò nílé, ìwé àṣẹ sì ní níbi tí iyèméjì bá wà, kí a kà á sí ti ilé. Ẹ má tì í pa. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé bí oníbàárà bá yí ètò inú ẹ̀rọ padà, onídùúró yín dópin lórí ẹ̀rọ náà. Ẹ̀dà kẹta gbà yín láyè fún ìyẹn.

Ẹ wá orúkọ tiyín fún ọjà náà, kí ẹ sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní iléeṣẹ́ àmì òwò ní Àbújá. Ẹ lè kọ ọ́ sí páálí pé orí Debian ni a kọ́ ọ sí, nítorí òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ má fi Debian ṣe ara orúkọ ọjà. Ẹni tó bá ṣe ẹ̀dà ẹ̀rọ yín lè lo Debian bí ẹ ṣe lò ó, kò lè lo orúkọ yín.

Ọmọ ẹgbẹ́ kan, Manchester

Iṣẹ́ sáfà ni mo ń ṣe níhìn-ín, mo sì fẹ́ kí ọkàn yín balẹ̀ lórí àwọn tó lè ṣe ẹ̀dà. Kò sí ẹni tí wọ́n ṣe ẹ̀dà iṣẹ́ rẹ̀ ní gbangba tó Red Hat, iléeṣẹ́ tó ń ta Linux fún àwọn iléeṣẹ́ ńlá. Ní ọdún 2004 ni àwọn tó ń ṣe CentOS bẹ̀rẹ̀ sí í gba kóòdù Red Hat, wọ́n ń yọ orúkọ àti àmì rẹ̀ kúrò, wọ́n sì ń pín in lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà náà. Ní ọdún 2006, Oracle náà bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀, ó sì ń gba owó ìtọ́jú lórí rẹ̀. Síbẹ̀, ní ọdún ìṣúná 2012, owó tó wọlé fún Red Hat ju bílíọ̀nù 1 dọ́là lọ, nígbà tó sì di ọdún 2019, IBM rà á ní bílíọ̀nù 34 dọ́là. Báńkì tó ń sanwó fún Red Hat nígbà náà mọ̀ pé CentOS wà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tí yóò gbé fóònù ní aago mẹ́ta òru ni wọ́n ń sanwó fún.

Nítorí náà, ẹ ta ẹ̀rọ ní owó ẹ̀rọ, kí èrè orí rẹ̀ mọ níwọ̀n, kí ẹ wá máa gba owó ọdọọdún lórí àtúnṣe, ẹ̀dà àkọsílẹ̀ tí ẹ ń tọ́jú sí ibòmíràn, àti wíwá sí ẹ̀ka láàárín wákàtí tí ẹ bá fohùn ṣọ̀kan lé lórí. Ẹ má sì yí ọ̀rọ̀ padà láàárín ọ̀nà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, àwọn tó ń ṣe CentOS kéde pé CentOS 8, tí àwọn ènìyàn ti gbọ́kàn lé títí di ọdún 2029, yóò dópin ní ìparí ọdún 2021. Ìbínú yẹn ló bí AlmaLinux àti Rocky Linux tí àwọn ènìyàn fi rọ́pò rẹ̀, inú sì bí èmi náà nígbà yẹn, nítorí àwọn tó ti ṣètò iṣẹ́ wọn sórí ọ̀rọ̀ ẹnì kan ni ìyà irú èyí máa ń jẹ.

Olùbéèrè, Ìbàdàn

Ẹ̀yin ará, mo dúpẹ́ gidigidi. Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ọdún mélòó ni mo lè ṣèlérí àtúnṣe fún un láìpurọ́?

Ẹlẹ́rọ kan, Abẹ́òkúta

Ọdún 3 ni Debian fúnra rẹ̀ fi ń tọ́jú ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan, àwọn ẹgbẹ́ LTS, ìyẹn àwọn tó ń bá ìtọ́jú ẹ̀dà àtijọ́ lọ, á sì gbà á fún ọdún 2 sí i. Debian 12 jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2023, nítorí náà ọdún 2028 ni ó máa dópin. Ẹ má ṣèlérí kọjá ibẹ̀ lórí ẹ̀dà yẹn. Debian 13 ti jáde láti oṣù kẹjọ ọdún 2025. Níwọ̀n bí ẹ ti fẹ́ yí ètò yín padà sí PySide, orí 13 ni kí ẹ ti ṣe é, ẹ óò ní àyè títí di ọdún 2030. Ẹ kọ oṣù àti ọdún náà gan-an sínú àdéhùn, kí ẹ sì kọ ẹni tí yóò san owó gbígbé ẹ̀rọ sórí ẹ̀dà tó bá tẹ̀ lé e. Bí àtúnṣe bá dé, ẹ̀ka kan ṣoṣo ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé e sí, kí wọ́n fi tajà fún bí ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ìyókù.