Ọ̀rinrin, ìrì ilé, àti ẹni tí àtúnṣe tọ́ sí

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú ìjíròrò yìí, mo kí yín láti Kàbà. Ẹni tó ń túmọ̀ ìwé àdéhùn ilé fún àwọn ọmọ Yorùbá tó yálé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń wá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí yóò kárí gbogbo omi tó ń ba ògiri jẹ́. Àwọn kan mú "ọ̀rinrin" wá, àwọn mìíràn ní "òógùn ògiri" ló yẹ. Mo fara mọ́ ọ̀rinrin gẹ́gẹ́ bí orúkọ àpapọ̀, ṣùgbọ́n kí a má fi mọ síbẹ̀, nítorí ọ̀nà tí omi gbà dé ara ògiri ló sábà máa ń fi ẹni tí ẹrù náà wà lọ́rùn rẹ̀ hàn.

Láti Kàbà dé Ìsánlú, èyí tí a mọ̀ jù ni omi tó ń gun ògiri láti ìsàlẹ̀. Bí bíríkìlà kò bá tẹ́ ọ̀rá sábẹ́ jámáànì fúlọ́ọ̀, ìyẹn kọnkéré ìsàlẹ̀ ilé, omi ilẹ̀ lè máa fà gba inú búlọ́ọ̀kù lọ sókè, ọ̀dà yóò máa bó, iyọ̀ funfun yóò sì yọ sára ògiri dé nǹkan bíi mítà kan. Kò sí bí ayálégbé ṣe lè ṣí fèrèsé tó tí èyí yóò fi gbẹ. Mo dábàá "ọ̀rinrin àtilẹ̀wá" fún un, lórí àpẹẹrẹ "àtọ̀runwá" tí gbogbo wa ń lò. Ti òrùlé tó ń jò kò nílò ọ̀rọ̀ tuntun. Ẹni tó bá ń wá èdè ìjìnlẹ̀ fún "òrùlé ń jò" kàn ń dá ara rẹ̀ lágara ni.

Omi kẹta ni àríyànjiyàn wà lé lórí. Nígbà òtútù ní ọ̀hún, oru omi láti inú ìkòkò, ilé ìwẹ̀ àti aṣọ tí a sá sínú yàrá máa ń kan ògiri tútù, yóò sì di omi. Òógùn kọ́ nìyí, nítorí inú ara ni òógùn ti ń jáde, omi yìí kò sì ti inú ògiri wá. Ìrì ni: afẹ́fẹ́ ló gbé e wá, ó sì sẹ̀ síbi tó tutù. Nítorí náà, "ìrì ilé" ni mo fara mọ́.

Ìyàtọ̀ yìí ti dé ilé ẹjọ́ ní ọ̀hún rí. Òfin Onílé àti Ayálégbé ti 1985 ní kí onílé máa tún ara ilé àti ìta rẹ̀ ṣe. Nínú ẹjọ́ Quick àti ìjọba ìbílẹ̀ Taff Ely ní Wales, lọ́dún 1985 kan náà, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sọ pé ìrì ilé lásán, tí kò bá ba ara ilé jẹ́, kò sọ àtúnṣe di dandan fún onílé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé náà kò ṣeé gbé dáadáa. Òfin 2018, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní England ní March 2019, ló wá ní kí ilé ṣeé gbé, ó sì ka ọ̀rinrin mọ́ ohun tí a ó fi wọ̀n ọ́n. "Ilé tó bàjẹ́" àti "ilé tí kò ṣeé gbé" kì í ṣe ọ̀kan náà, olùtumọ̀ kò sì gbọ́dọ̀ pa wọ́n pọ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi lòdì sí gbólóhùn tó wà nínú ìwé náà báyìí, "ayálégbé ni yóò máa bójú tó ọ̀rinrin." Bí ọmọ ọdún méjì, Awaab Ishak, ṣe kú ní Rochdale ní December 2020 nítorí ilé tó bu bí búrẹ́dì ṣe ń bu fi hàn bí irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ ṣe léwu tó. Òfin tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 27 October 2025: ewu pàjáwìrì gbọ́dọ̀ rí ìtọ́jú láàárín wákàtí 24. Àmọ́ àwọn ilé ìjọba ìbílẹ̀ àti ti àwọn àjọ tó ń pèsè ilé fún aráàlú nìkan ló kàn ní báyìí, kí a sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ kí ẹni tó yálé lọ́wọ́ onílé aládàáni má bàa gbára lé e.

"Bu" tí mo lò yìí, tibi búrẹ́dì ni. Ẹni tó kọ "olú" sípò rẹ̀ ń sọ nípa ohun tí a ń sè jẹ.

Mo dábàá kí gbólóhùn náà kà báyìí: "Onílé ni yóò tún ọ̀rinrin àtilẹ̀wá àti òrùlé tó ń jò ṣe. Ayálégbé yóò máa ṣí fèrèsé, yóò sì tètè sọ fún onílé bí ìrì ilé bá ń sẹ̀ tàbí bí ògiri bá bu. Bí ilé náà fúnra rẹ̀ bá wá di èyí tí kò ṣeé gbé, ọwọ́ onílé ni àtúnṣe wà."