Ọ̀rọ̀ ìwé tí mo bi yín: mo ti rí kà o

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àdúrótì. Mo ní kí ẹ júwe ìwé ìtàn àròsọ ìwòyí fún mi láti oríṣiríṣi ilẹ̀, torí ìwé àdúrà àti ìwé bí a ṣe ń lówó ló kún orí àtẹ ní Kubwa, l'Ábújá níbí.

Season of Crimson Blossoms ti Abubakar Adam Ibrahim, èyí tó gba ẹ̀bùn lítíréṣọ̀ ti ilé-iṣẹ́ gáàsì NLNG lọ́dún 2016, ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Opó kan àti ọmọ ìta tó fo fẹ́ǹsì wá jà á lólè! Hajia tó múlé tì wá yá a, kò tíì dá a padà. Òun ló tún sọ fún mi nípa Balaraba Ramat Yakubu. Ará Kánò, Haúsá ló fi kọ̀wé, àmọ́ Íńdíà ni wọ́n ti tẹ ọ̀kan tí wọ́n túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 2012. Ẹ ò rí nǹkan!

Lagoon ti Nnedi Okorafor, orí fóònù ni mo ti kà á. Ó dùn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Tomb of Sand ti Geetanjali Shree, ará Íńdíà, ni mo ṣì ń wọ́ bọ̀. Ìyá ẹni ọgọ́rin ọdún kọjú sógiri, ó lóun ò dìde. Ojú ewé ń lọ, ìyá ò dìde. Síbẹ̀, mi ò lè gbé e sílẹ̀.

Mo ti ti ìbéèrè náà pa. Ẹni tó bá tún ní òmíràn, kó kàn sí mi níkọ̀kọ̀.