Ìjà ṣì jìnnà, kílò sì ń gòkè: kí ni kí n ṣe?

Bíríkìlà Akànṣẹ́:
Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Iṣẹ́ bíríkìlà ni mò ń ṣe n'Ìkòròdú, mo sì ń kan ẹ̀ṣẹ́, àmọ́ mo ṣì wà lára àwọn tí wọn kì í sanwó fún. Ìpele kílò 63.5 ni mo ń jà, mi ò gbọ́dọ̀ wọ̀n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ti lé lóṣù méjì tí mo jà kẹ́yìn, òmíràn ò sí títí oṣù márùn-ún sí i. Láàárọ̀ àná mo gun òṣùwọ̀n ní kẹ́míìsì kan: 71! Èmi tí mò ń ru búlọ́ọ̀kù láti àárọ̀ dalẹ́, ibo ni mo ti ń sanra? Oúnjẹ mi rèé: láàárọ̀, búrẹ́dì Agége àti ẹ̀wà agọ̀yìn, lọ́sàn-án, fùfú mẹ́ta àti ẹran kan lọ́dọ̀ ìyá olóúnjẹ sáìtì, pẹ̀lú mínírà méjì nítorí oòrùn, lálẹ́, ẹ̀bà. Kóòṣì mi ní kí n lọ sinmi, kí n padà wá tí ìjà bá ku oṣù kan. Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn?

Bàbá Ríìngì:
Àbúrò, ìsinmi dáa, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ti tó. Rowe Park ní Yábàá ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń di báńdéèjì mọ́wọ́, mo sì ti ṣe irú ohun tó o fẹ́ ṣe yìí. Lọ́dún kan, mo sùn lọ títí ó fi ku oṣù kan, kílò mẹ́fà ló lé lára mi. Mo wọ ọ̀rá ìdalẹ̀nù sábẹ́ súwẹ́tà, mo ń sáré lọ́sàn-án gangan. Nígbà tó ku ọjọ́ méjì, mi ò mu omi mọ́, itọ́ ni mò ń tu sínú agolo. Mo yege lórí òṣùwọ̀n. Ráùńdì kìíní, kò burú. Ní ìkejì, mo rí ọwọ́ òsì ọmọ yẹn tó ń bọ̀, mo rí i kedere, ọrùn mi ò kàn dáhùn ni. Ráùńdì mẹ́ta oníṣẹ́jú mẹ́ta péré ni ìjà wa o. Mi ò dé ìkẹta.

Ìdajì kílò lọ́sẹ̀ ni kó o máa sọ̀. Ọ̀sẹ̀ 15 ló máa gbà ọ́, o sì ní tó 20. Má gbé irin kankan, búlọ́ọ̀kù tó ò ń rù ti tó irin. Lọ́jọ́ tí ẹ bá da dẹ́kìn, lọ sùn. Sáré lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ìṣẹ́jú 40, jẹ́jẹ́, débi tó o ṣì lè máa bá èèyàn sọ̀rọ̀. Fo okùn. Má gbà kí ẹnikẹ́ni máa gbá ọ lórí nínú sípárìn, ìjà ìdánrawò yẹn, báyìí. Tìtorí kí ni? Ẹsẹ̀ rẹ ni kó o tún ṣe. Fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà gígùn sílẹ̀, kó o máa kan ẹ̀ṣẹ́ lọ, máa kàn án bọ̀ lórí rẹ̀. Tí ẹsẹ̀ méjèèjì bá ti bọ́ sórí ìlà yẹn lẹ́ẹ̀kan náà, ọmọdé lè tì ọ́ ṣubú.

Ìyá Ẹlẹ́wà:
Èmi ò mọ ẹ̀ṣẹ́ o, ẹ̀wà ni mo mọ̀. Ọmọ mi, má purọ́ mọ́ ẹ̀wà. Òróró inú ata agọ̀yìn yẹn ńkọ́? Búrẹ́dì ńlá tó o fi ń gbé e lọ ńkọ́? Ní kí wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ kí òróró kán kúrò lójú ṣíbí, kó o wá fi ẹyin sísè méjì rọ́pò búrẹ́dì. Fùfú mẹ́ta, sọ ọ́ di ọ̀kan àbọ̀, kó o fi owó tó kù ra ṣàwá. Mínírà yẹn, ṣúgà lásán ni, omi ni kó o mu.

Nọ́ọ̀sì Abíọ́dún:
Ìyá ti sọ ọ́ tán. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ agbára báyìí nílò bíi gíráàmù 1.6 purotéènì fún kílò kọ̀ọ̀kan tó bá wọ̀n. Tí a bá fi 70 ṣírò ó, 112 lóòjọ́. Ẹyin kan ò ju bíi 6 lọ, ìyẹn ni ẹja àti ẹ̀wà fi gbọ́dọ̀ pọ̀. Bọ̀dá bíríkìlà, ẹ jọ̀ọ́, tí ẹnikẹ́ni bá fi oògùn tó ń múni tọ̀ lọ̀ yín kí kílò lè wálẹ̀, ẹ sá. Furosemide, ọ̀kan lára irú oògùn bẹ́ẹ̀, wà lára ohun tí WADA, àjọ àgbáyé tó ń gbógun ti lílo oògùn nínú eré ìdárayá, kà léèwọ̀, ìdíje wà o, kò sí o. Ó sì ń kó pòtáṣíọ̀mù jáde lára, ọkàn lè bẹ̀rẹ̀ sí í lù ségesège.

Bíríkìlà Akànṣẹ́:
Ẹ ṣé, ẹ ṣé gan-an. Ìṣòro kan ni ìyá olóúnjẹ sáìtì. Téèyàn bá ní kó dín fùfú kù, á pariwo pé, "Ṣé owó ti tán ni?" Gbogbo lébìrà á wá bú sẹ́rìn-ín.

Bàbá Ríìngì:
Ra ẹja méjì lọ́wọ́ rẹ̀, kò ní pariwo. Àárọ̀ Sátidé ni kó o máa gun òṣùwọ̀n, lẹ́yìn tó o bá ti tọ̀, kó o tó mu nǹkan kan. Òṣùwọ̀n kẹ́míìsì yẹn náà ni o, má lọ sí òmíràn. Tó bá já ju kílò kan lọ lọ́sẹ̀, jẹun sí i. Sátidé tó ń bọ̀, kọ nọ́ńbà tó o bá rí síbí.