Lórí "ìdánwò olómìnira": ètò káńsù kì í jókòó ṣèdánwò

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làákàyè.

Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ láti ìgbà tí arábìnrin wa ní Lọ́ńdọ̀nù ti béèrè ohun tí a lè pe independent examination, ìyẹn ìpele tí ètò ìlò ilẹ̀ káńsù ń là kọjá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n tó lè máa fi ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti fara mọ́ "ìdánwò olómìnira". Èmi ò lè fara mọ́ ọn, mo sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀ kí a tó kó o sínú àkójọ ọ̀rọ̀ tí à ń ṣe fún àwọn ará wa.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an. Káńsù Southwark ní Lọ́ńdọ̀nù ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí Peckham tí gbogbo wa mọ̀ wà nínú rẹ̀. Ní Oṣù Kìíní ọdún 2020 ni káńsù náà fi ètò rẹ̀ tuntun ránṣẹ́ sí mínísítà. Àjọ tó ń yẹ ètò ìlú wò, tí olú iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Bristol, ló yan àwọn tó ṣe àyẹ̀wò náà. Àrùn kòrónà kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè pé jọ sínú gbọ̀ngàn, nítorí náà orí ẹ̀rọ ayélujára ni wọ́n ti gbọ́ tẹnu àwọn ènìyàn ní ọdún 2021. Wọ́n ní kí wọ́n tún àwọn ibì kan ṣe, wọ́n gbé àtúnṣe náà padà síwájú aráàlú, wọ́n kọ àbọ̀, ó sì di Oṣù Kejì ọdún 2022 kí ìgbìmọ̀ káńsù tó buwọ́ lù ú. Ètò yìí ló máa ṣiṣẹ́ títí di ọdún 2036.

Níbo ni ìdánwò wà níbẹ̀? Ẹni tó bá gbọ́ "ìdánwò" lédè wa, WAEC ló máa wá sí i lọ́kàn, tàbí èyí tí à ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run má fà wá sínú rẹ̀. Nínú ìdánwò, olùkọ́ kì í sọ ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ máa kọ kó lè yege. Ṣùgbọ́n abala 20 nínú òfin ètò ìlú ti ọdún 2004, bó ṣe wà lẹ́yìn àtúnṣe, sọ pé bí káńsù bá bẹ olùyẹ̀wò, dandan ni kó dárúkọ àtúnṣe tí yóò mú kí ètò náà ṣeé gbà. Lọ́wọ́ kejì ẹ̀wẹ̀, ẹ wo Sevenoaks ní Kent. Wọ́n fi ètò tiwọn ránṣẹ́ ní ọdún 2019, olùyẹ̀wò sì dá a dúró nítorí pé káńsù náà kò bá àwọn káńsù tó múlé tì í fikùn lukùn tó bí òfin ìgbà náà ṣe là á sílẹ̀. Àléébù yẹn kò ní àtúnṣe mọ́ lẹ́yìn tí ìwé bá ti kúrò lọ́wọ́ káńsù. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga, ilé ẹjọ́ kò dá wọn láre. Wọn ò tíì yẹ gbogbo ohun tó wà nínú ìwé náà wò tán tí ọ̀rọ̀ fi pin. Àyẹ̀wò ìwé àti ti ọ̀nà tí wọ́n gbà kọ ọ́ nìyẹn. "Àyẹ̀wò" ni kó jẹ́.

"Olómìnira" náà ò tẹ́ mi lọ́rùn. Orílẹ̀-èdè ló ń gba òmìnira. Bàbá wa tó kọ̀wé láti Ìbàdàn dábàá "aládàádúró", ó sì sún mọ́ ọn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó ń kọ mí lóminú níbẹ̀ ni pé olùyẹ̀wò yìí kò dá dúró pátápátá: orúkọ mínísítà ni wọ́n fi yàn án, káńsù tó ni ìwé tí olùyẹ̀wò ń yẹ̀ wò ló sì ń san owó àyẹ̀wò náà. Bí a bá sọ fún ará Peckham pé aládàádúró ni, tó wá gbọ́ ẹni tó ń sanwó, yóò ní a parọ́ fún òun. Ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ ń béèrè ni pé kò gbọdọ̀ ṣègbè. Kódà akọ̀wé kan wà tí gbogbo ìwé ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, kí ẹnikẹ́ni má baà rí olùyẹ̀wò bá sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀. "Àyẹ̀wò aláìṣègbè" ni mo fi síwájú yín.

Ẹnì kan pe olùyẹ̀wò náà ní "wolé-wolé". Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn gan-an, nítorí pé ẹnu àwọn ìyá wa ló ti jáde. Ṣùgbọ́n wolé-wolé ní iṣẹ́ tirẹ̀: ó ń yọjú wo àmù, ó ń wo ẹ̀yìnkùlé, ó sì lè fa onílé lọ sí kóòtù. Ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ fún iṣẹ́ rẹ̀. "Olùyẹ̀wò ètò" ti tó.

Ibi tí mo fẹ́ kí a fara balẹ̀ sí jù ni ọ̀rọ̀ tó kan aráàlú. Ìyá kan tó ń ta ẹja gbígbẹ àti èlùbọ́ ní ọ̀kan nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù tóóró tó wà ní Rye Lane ní Peckham gbé lẹ́tà káńsù lé mi lọ́wọ́ rí pé kí n bá òun kà á. Ó ti ká a sí mẹ́rin, ó ti fi í sábẹ́ òṣùwọ̀n rẹ̀ títí òórùn ẹja fi mú un. Ìbéèrè kan péré ló bi mí: "Ọmọ mi, ṣé wọ́n ti parí ẹ̀ ni, àbí ẹnu mi ṣì lè débẹ̀?" Mo ní, "Ẹnu yín ṣì lè débẹ̀, mà, àmọ́ ẹ ní láti kọ ọ́ sílẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó pé." Ètò Southwark dárúkọ ilẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ilẹ̀ Aylesham Centre, ilé ìtajà tó wà ní Rye Lane, sì wà níbẹ̀. Ẹni tó ń tajà ládùúgbò yẹn ní ohun tó fẹ́ sọ. Bí a bá sọ fún un pé ètò káńsù ń ṣèdánwò, yóò padà sídìí ọjà rẹ̀, yóò máa retí èsì.

Bákan náà, "ìfẹ̀hónúhàn" tí ẹ fi túmọ̀ representation kò yẹ fún ìwé tí ènìyàn ń kọ ránṣẹ́ láti sọ èrò rẹ̀ nípa ètò náà. Àsíá àti ariwo lójú títì ló ń fi yé ni, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tó gbè sẹ́yìn ètò náà lè kọ̀wé pẹ̀lú. "Ìwé èrò" ni kó máa jẹ́ fún gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ní ọ̀rọ̀ mìíràn, "ìwé ìbéèrè-àtúnṣe", nítorí pé ẹni tó béèrè pé kí wọ́n yí nǹkan padà nínú ètò náà nìkan ni òfin fún lẹ́tọ̀ọ́ láti fara hàn níwájú olùyẹ̀wò. Ẹni tó kọ pé "ó dára" kò ní ẹ̀tọ́ yẹn. Ìyàtọ̀ yìí ṣe kókó, kò sì yẹ kí ọ̀rọ̀ tiwa bò ó mọ́lẹ̀.

Mo rọ̀ yín kí a má pe hearing, ìyẹn ìjókòó tí olùyẹ̀wò ti ń gbọ́ tẹnu àwọn ènìyàn, ní "ìgbẹ́jọ́" rárá. Kò sí ìbúra, kì í sábà sí pé lọ́yà ń da ìbéèrè bo ẹnikẹ́ni. Olùyẹ̀wò ló ń darí ọ̀rọ̀ yí tábìlì ká lórí àwọn ìbéèrè tó ti kọ síta ṣáájú. "Ìjókòó ìtẹ́tísílẹ̀" kò ní lé ìyá ẹlẹ́ja sá.

Ó ku soundness, ìyẹn òṣùwọ̀n tí olùyẹ̀wò fi ń mọ̀ bóyá ètò náà ṣeé gbà, tí ẹ pè ní "ìpéye". Ó ti pọ̀ jù. Ohun mẹ́rin ni olùyẹ̀wò ń wò: bóyá ètò náà wá ojútùú sí àìní àdúgbò, bóyá ó lẹ́rìí lẹ́yìn, bóyá ó ṣeé mú ṣẹ, àti bóyá kò ta ko ìlànà ìjọba orílẹ̀-èdè. Kò sí ibi tí wọ́n ti ní kó pé. Ṣáájú ọdún 2018, ìlànà ìjọba ní kí káńsù mú ọ̀nà tó yẹ jù lọ. Láti ọdún yẹn, ọ̀nà kan tó yẹ ti tó. "Ìfẹsẹ̀múlẹ̀" ló bá a mu.

Fún ìpele ìkẹyìn, adoption, ìyẹn ìgbà tí káńsù buwọ́ lu ètò náà, "ìgbàtọ́" jẹ́ ti ọmọ, "ìsọdòfin" sì ju ohun tó jẹ́ lọ. Mo wà lẹ́yìn ẹni tó dábàá "ìfọwọ́sí", kí a sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú àkójọ náà pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ni òfin fún ẹni tó bá fẹ́ gbé e lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga lẹ́yìn náà.